Èdè-Ìperí fún Àwòrán Inú Ọkọ̀ Gbalasa: Ohun-Èlò Eré Ìtàn Àjùmọ̀sọ ní Ẹkùn Ààlà Yewa

1.0 Ìfáárà

Láàrin àwọn eré tí ayé dá sílẹ̀ ní ìdajì kejì ọ̀rúndún ogún, ọ̀kan wà tí ó sún mọ́ àlọ́ ju bí ó ti sún mọ́ ayò lọ. Àwọn tí ń ṣe é yóò jókòó yí tábìlì ká. Ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan, yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn náà ń ṣe. Ẹnì kan láàrin wọn, tí í ṣe olùdarí eré, ni yóò máa sọ ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí ó ti ẹ̀yìn ìṣe wọn yọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di bóyá, dáìsì ni wọn yóò dà. Nínú àlọ́ àpagbè, àwọn olùgbọ́ a máa gbe orin, ṣùgbọ́n wọn kò lè yí ìrìn Ìjàpá padà. Nínú eré yìí, olùgbọ́ ni Ìjàpá fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí àpilẹ̀kọ yìí fi pè é ní eré ìtàn àjùmọ̀sọ.

Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, ni ó sọ irú eré bẹ́ẹ̀ di ohun títà lọ́jà. Inú ihò ilẹ̀ àti ààfin àtijọ́ ni ìtàn tirẹ̀ ti máa ń wáyé. Kò pẹ́ tí àwọn mìíràn fi gbé ìtàn náà kúrò nílẹ̀ ayé. Ní 1976, James M. Ward ṣe Metamorphosis Alpha, tí gbogbo ìtàn rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ ńlá kan ṣoṣo tí ó ń lọ láàrin àwọn ìràwọ̀. Ní 1977, Marc Miller àti ilé-iṣẹ́ Game Designers' Workshop gbé Traveller jáde. Láti ìgbà náà ni àwòrán inú ọkọ̀, àti àwọn ohun kéékèèké tí ń bá a rìn, ti di iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò pàtàkì fún àwọn aṣeré.

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé àwọn ohun-èlò náà, àti láti dábàá èdè-ìperí Yorùbá tí ó bá iṣẹ́ wọn mu. Òkè-Ọ̀dàn, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, ni ó fi ṣe ibùdó ìwòye. Ìdí èyí kò ṣòro. Ní 1889, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé fa ìlà kan lórí ìwé, ìlà náà sì pín àwọn ọmọ Yorùbá ẹkùn yìí sí méjì. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn tí ó lọ sí ilé-ìwé ń bá èdè Gẹ̀ẹ́sì pàdé níbẹ̀. Ìbátan rẹ̀ ní Sakété tàbí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ń bá èdè Faransé pàdé. Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sí ìdí tábìlì kan ní ọjọ́ ọdún, Yorùbá ni wọn yóò fi ṣeré. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni bóyá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò bá níbẹ̀ yóò so wọ́n pọ̀ tàbí yóò tún wọn pín.

2.0 Àwọn Ohun-Èlò Orí Tábìlì

2.1 Àwòrán, ojú-àwọ̀n àti òṣùwọ̀n

Orúkọ tí ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ń lò fún ohun tí àwọn mìíràn ń pè ní máàpù ni àwòrán ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà yẹ ìlú, odò àti ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kò yẹ àárín àwọn ìràwọ̀, nítorí kò sí ilẹ̀ níbẹ̀; àwòrán ojú ọ̀run ni ó bá èyí mu. Fún inú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ náà tún padà wúlò lọ́nà mìíràn, nítorí pé ohun méjì ni ilẹ̀ jẹ́ lẹ́nu Yorùbá: ilẹ̀ tí àgbẹ̀ ń ro, àti ilẹ̀ yàrá tí ìyàwó ilé ń gbá. Àwòrán ilẹ̀ ọkọ̀ yóò wá jẹ́ àwòrán àgbékà kan ṣoṣo, bí ẹni pé wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀ kúrò tí wọ́n sì ń wò ó láti òkè. Àpapọ̀ gbogbo àgbékà ni àwòrán inú ọkọ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí i pé ìyàtọ̀ yìí ní ìdí nínú sáyẹ́ǹsì. Nínú ibùdó òfurufú àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè, tí ènìyàn ti ń gbé inú rẹ̀ láti Oṣù Kọkànlá 2000 ní nǹkan bí 400 kìlómítà sí ilẹ̀ ayé, kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, nítorí ńṣe ni àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń léfòó. Ó ní àwòrán inú, ṣùgbọ́n kò ní àwòrán ilẹ̀. Àwọn ọkọ̀ inú ìtàn àròsọ sáábà máa ń ní ilẹ̀, nítorí àwọn òǹkọ̀wé ti gbà láàrin ara wọn pé ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ń fa ènìyàn mọ́lẹ̀.

Orí ìwé gíráàfù ni wọ́n máa ń ya àwòrán náà sí. Ìlà tí ó wà ní ìbú àti ní òró pín ìwé náà sí igun mẹ́rin kéékèèké tí wọ́n dọ́gba. Ojú-àwọ̀n ni àpilẹ̀kọ yìí pe àpapọ̀ wọn, ojú sì ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí apẹja odò Yewa ṣe ń pe àlàfo inú àwọ̀n rẹ̀. Ẹlòmíràn lè fẹ́ pe ojú kan ní ilé, bí àwọn kan ti ń pe ihò ọpọ́n ayò. Èyí kò ní dára, nítorí pé yàrá àti ilé gidi wà nínú àwòrán náà, ọ̀rọ̀ kan yóò sì máa ṣe iṣẹ́ méjì.

Òṣùwọ̀n ni ó ń sọ iye tí ojú kan dúró fún. Nínú Traveller, mítà 1.5 ni ojú kan. Bí ẹni tí ń ya á bá lo ìwé tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, òṣùwọ̀n rẹ̀ di 1 sí 150. Bí ó bá lo ojú tí ó tó íǹṣì kan fún ẹsẹ̀-bàtà márùn-ún, bí ọ̀pọ̀ aṣeré ti ń ṣe, òṣùwọ̀n rẹ̀ di 1 sí 60. Ìṣirò yìí ṣe kókó, nítorí òṣùwọ̀n ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀dá-ìtàn lè sáré dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn tó pa dé.

2.2 Abala àtòpọ̀

Kì í ṣe gbogbo àwòrán ni wọ́n ń yà tán pátápátá. Láti 1976 ni ilé-iṣẹ́ TSR ti ń ta àwọn ìwé tí wọ́n ya apá kan ihò ilẹ̀ sí, tí aṣeré lè tò pọ̀ bí ó ti wù ú. Àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ fún inú ọkọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà gbọ́dọ̀ jáde sí ojú kan náà ní etí kọ̀ọ̀kan, kí etí èyíkéyìí lè bá etí èyíkéyìí mu. Ẹni tí ó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ òfì pọ̀ yóò mọ̀ ọ́n: bí ahunṣọ kò bá wọn ọnà rẹ̀ dáadáa, ojú aṣọ kejì kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Abala ni wọ́n ń pe apá kan nínú aṣọ tàbí nínú ìwé. Nítorí náà, abala àtòpọ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ohun-èlò yìí.

2.3 Ọmọ àti ọmọláńgidi

Ohun tí ń dúró fún ẹ̀dá-ìtàn lórí àwòrán jẹ́ oríṣi méjì. Èkínní jẹ́ pélébé, bí ègé páálí tàbí ìdérí ìgò tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ta díráàfù. Ọmọ ni orúkọ tí ó bá a mu, nítorí ọmọ ayò ti wà tipẹ́. Èkejì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ojú àti apá, gíga rẹ̀ sì sábà máa ń tó mìlímítà 15 tàbí 28. Wọ́n lè fẹ́ pe èyí ní ère. Ṣùgbọ́n ère ní ìtumọ̀ ẹ̀sìn pẹ̀lú, òbí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì sì lè tìtorí rẹ̀ kọ̀ fún ọmọ láti bá wọn ṣeré. Ọmọláńgidi kò ní ẹrù yẹn lórí. Ohun ìṣeré ọmọdé ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ ọwọ́ náà kò sì ṣàjèjì sí Yewa. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti gbẹ́ ènìyàn, ẹranko, alùpùpù àti bàálù kéékèèké sórí igi tí oníjó ń gbé sórí. Ẹni tí ó lè gbẹ́ bàálù sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò ní ṣaláì rí ọgbọ́n dá sí ọkọ̀ gbalasa.

3.0 Ibi Tí Ìtumọ̀ Oréfèé Ti Ń Ṣini Lọ́nà

3.1 Ọkọ̀ wo?

Ọkọ̀ òfurufú ti di orúkọ bàálù, kò sì ṣeé gbà padà. Ọkọ̀ ọ̀run burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti lọ sí ọ̀run ti kú. Etí Yorùbá yóò gbọ́ ọkọ̀ tí ń gbé òkú. Gbalasa òfurufú ni àwọn kan ti ń lò fún àyè gbàràmù tí ó wà lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ayé. Ọkọ̀ gbalasa gé kúrú, ó sì yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì.

3.2 Afárá

Níbí ni ọ̀rọ̀ ààlà ti hàn gbangba jù lọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún afárá orí odò àti fún yàrá tí ọ̀gá ọkọ̀ ti ń pàṣẹ. Nínú èdè Faransé, ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ afárá orí odò ni wọ́n ń lò fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí àwọn èrò ọkọ̀ ń tẹ̀. Yàrá ìpàṣẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tí òun pẹ̀lú tún jẹ́ afárá tóóró tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ó hàn nígbà náà pé bí atúmọ̀-èdè ní Òkè-Ọ̀dàn bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà, afárá rẹ̀ yóò jẹ́ yàrá kan ní iwájú ọkọ̀. Bí èyí tí ó wà ní Sakété bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ Faransé ní tààrà, afárá tirẹ̀ lè jẹ́ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀.

Kí olùdarí eré wá sọ pé, "Ọ̀tá ti dé orí afárá." Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn yóò gbé ọmọláńgidi rẹ̀ sáré lọ sí iwájú láti gba ọ̀gá ọkọ̀ là. Ìbátan rẹ̀ yóò dúró níbi tí ó wà, nítorí lójú tirẹ̀ orí afárá ni òun pàápàá wà. Yorùbá ni àwọn méjèèjì sọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì gbọ́, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Ìlà 1889 ti wọ inú èdè wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ ni láti bi ara ẹni ní ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tu ọkọ̀ ni. Atukọ̀ ti wà lẹ́nu Yorùbá kí Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé tó dé. Yàrá atukọ̀ ni kí wọ́n pè é. Ilẹ̀ tí èrò ń tẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ, àgbékà ni ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ibi tí ẹrù ń wà ni àká ọkọ̀, nítorí àká ni àgbẹ̀ ń kó irè sí.

3.3 Ìloro

Òde ọkọ̀ gbalasa kò ní afẹ́fẹ́. Bí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo bá wà, tí ẹnì kan sì ṣí i, gbogbo afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ yóò tú jáde. Nítorí náà wọ́n ń ṣe yàrá kékeré kan tí ó ní ilẹ̀kùn méjì, ọ̀kan sí inú, ọ̀kan sí òde, tí àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ń jáde yóò wọ inú rẹ̀, yóò ti ti inú, wọn yóò fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kúrò, kí ó tó ṣí ti òde. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni Alexei Leonov, ará Soviet, gbà jáde ní ọjọ́ 18 Oṣù Kẹta 1965, nígbà tí ó di ènìyàn àkọ́kọ́ tí ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú gbalasa.

Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tí ó tún ń jẹ́ àgádágodo nínú. Bí atúmọ̀-èdè bá tẹ̀lé e, ọmọ tí ń ṣeré yóò máa wá kọ́kọ́rọ́ kiri nígbà tí ó yẹ kí ó máa ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ilé Yorùbá ní ìloro, àyè tí ó wà láàrin òde àti inú ilé, tí àlejò ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìloro ọkọ̀ kò nílò àlàyé gígùn. Ohun kan ṣoṣo ni olùkọ́ yóò fi kún un: ilẹ̀kùn méjì rẹ̀ kì í ṣí pọ̀.

3.4 Tọ́ọ̀nù tí kì í ṣe ìwúwo

Nínú Traveller, tọ́ọ̀nù ni wọ́n fi ń sọ bí ọkọ̀ ti tóbi tó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwúwo ni ó ń wọ̀n. Àyè tí tọ́ọ̀nù kan háídírójìn olómi gbà ni, nǹkan bí mítà kúbíkì 14. Nígbà tí wọ́n bá ń yàwòrán, ojú méjì tí òrùlé rẹ̀ ga ní mítà mẹ́ta ni wọ́n ń kà sí tọ́ọ̀nù kan. Ojú kan jẹ́ 1.5 lọ́nà 1.5 lọ́nà 3, èyí tí í ṣe 6.75, ojú méjì jẹ́ 13.5. Ẹni tí ó bá kọ tọ́ọ̀nù sílẹ̀ lásán yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọkọ̀ tí ó kún fún irin àti èyí tí ó kún fún òwú kò lè jẹ́ ọkọ̀ kan náà. Ọjà ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Kóńgò gàrí kan àti kóńgò ẹ̀wà kan gba àyè kan náà, bí wọn kò tilẹ̀ wúwo bákan náà. Àyè ni kí wọ́n pe òṣùwọ̀n yìí: ọkọ̀ ọgọ́rùn-ún àyè ni ọkọ̀ tí àwòrán rẹ̀ tó nǹkan bí 200 ojú. Lórí ìwé olójú sẹ̀ǹtímítà kan, ìyẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 20 lọ́nà 10 lọ.

4.0 Àpẹẹrẹ fún Kíláàsì

Àwòrán títẹ̀ láti òkè òkun wọ́n, wọ́n sì ti ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lára. Láti 2012 ni Roll20 ti jẹ́ kí àwọn aṣeré máa lo àwòrán lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ìyẹn ń fẹ́ iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ kò nílò méjèèjì. Ìwé gíráàfù, páálí, àáké kọ́, ìdérí ìgò àti dáìsì lúdò tó.

Ọkọ̀ tí ó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí gbogbo ọmọ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé-kéwú, ọkọ̀ Nóà. Bíbélì fún un ní 300 ìgbọ̀nwọ́ ní gígùn, 50 ní ìbú, 30 ní gíga, pẹ̀lú àgbékà mẹ́ta. Bí wọ́n bá ka ìgbọ̀nwọ́ kan sí sẹ̀ǹtímítà 45, ọkọ̀ náà jẹ́ mítà 135 lọ́nà 22.5, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 13.5. Ní mítà 1.5 fún ojú kan, àgbékà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú 90 lọ́nà 15. Kò sí ìwé gíráàfù kíláàsì tí ó gùn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà wọn yóò gé e sí abala mẹ́fà, kọ̀ọ̀kan jẹ́ ojú 15 lọ́nà 15. Àgbékà mẹ́ta yóò ní abala 18.

Bí ọ̀nà bá gba ojú kẹjọ jáde ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin abala kọ̀ọ̀kan, yóò máa bá ara rẹ̀ mu bí wọ́n bá tilẹ̀ yí abala náà po, nítorí ojú kẹjọ ni àárín gbùngbùn 15. Ojú kẹjọ tí ó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ di ìloro tàbí fèrèsé. Abala mẹ́fà tí wọ́n yàtọ̀ síra ṣeé tò ní ìlà ní ọ̀nà 720. Bí wọ́n bá tún lè yí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ó di ọ̀nà 2,949,120. Ọmọ tí ó bá rí iye yìí láti inú páálí mẹ́fà ti kọ́ ìṣirò kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n yọ Nóà kúrò, kí wọ́n fi táǹkì háídírójìn, yàrá ẹ́ńjìnnì àti yàrá atukọ̀ sí i, ọkọ̀ gbalasa tí ó ju 3,000 àyè lọ ti wà nílẹ̀.

5.0 Àkójọ Èdè-Ìperí

(i) Eré ìtàn àjùmọ̀sọ: eré tí àwọn aṣeré jọ ń sọ ìtàn rẹ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe ẹ̀dá-ìtàn kan.
(ii) Olùdarí eré: ẹni tí ń sọ ibi tí ìtàn dé, tí ó sì ń ṣe ìdájọ́.
(iii) Ọkọ̀ gbalasa: ọkọ̀ tí ń rìn lẹ́yìn afẹ́fẹ́ ayé.
(iv) Àwòrán inú ọkọ̀: àpapọ̀ àwòrán gbogbo àgbékà.
(v) Àwòrán ilẹ̀ ọkọ̀: àwòrán àgbékà kan láti òkè.
(vi) Ojú-àwọ̀n, ojú: ìlà ìbú àti òró, igun mẹ́rin kan láàrin wọn.
(vii) Òṣùwọ̀n: iye tí ojú kan dúró fún.
(viii) Abala àtòpọ̀: apá àwòrán tí etí rẹ̀ bá ti àwọn yòókù mu.
(ix) Ọmọ, ọmọláńgidi: àmì pélébé, àmì olójú àti ẹlẹ́sẹ̀.
(x) Yàrá atukọ̀, àká ọkọ̀, ìloro ọkọ̀: ibi ìdarí, ibi ẹrù, àyè onílẹ̀kùn méjì láàrin inú àti òde.
(xi) Àyè: òṣùwọ̀n títóbi ọkọ̀, ojú méjì tí ó ga ní mítà mẹ́ta.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni èdè-ìperí ní í ṣe pẹ̀lú eré ọmọdé nígbà tí iṣẹ́ pàtàkì ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ní 1970, Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Babs Fafunwa jẹ́ aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Àwọn ìdìpọ̀ Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú wọn, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Bí wákàtí ilé-ìwé bá ti bọ́ lọ́wọ́ èdè, wákàtí eré ni ó kù. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá fi gba ẹ̀mí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ là kò ní tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Àwọn ará Nàìjíríà tí ń ṣe eré orí tábìlì fúnra wọn kò sì ṣọ̀wọ́n mọ́. NIBCARD Games, tí Kenechukwu Ogbuagu dá sílẹ̀ ní Àbújá, jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí ó kù fún olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè ni láti má ṣe mú ọ̀rọ̀ láti inú èdè àwọn tí ó fa ìlà, nígbà tí ìloro, àká, àwọ̀n, abala àti kóńgò ṣì wà ní ìhà méjèèjì ààlà. Nígbà tí ọmọ Òkè-Ọ̀dàn àti ọmọ Sakété bá gbọ́ pé ọ̀tá ti dé yàrá atukọ̀, tí àwọn méjèèjì sì na ọwọ́ sí ibì kan náà lórí àwòrán, èdè-ìperí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.